Ẹ̀kọ́ Àgbà: Àánú Ni Tàbí Gbèsè?

Ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún àgbà, èyíinì ni ìwé kíkọ, ìwé kíkà àti ìṣirò fún ẹni tí kò rí ilé-ìwé lọ nígbà èwe, ní ìbéèrè kan nínú tí ó yẹ kí a dáhùn ṣáájú ọ̀rọ̀ owó àti ètò: ṣé àánú ni àwùjọ ń ṣe fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni, àbí gbèsè ni ó ń san? Ohun tí ó bá wu ẹlẹ́yinjú àánú ni ó ń fúnni, ṣùgbọ́n ẹni tí a jẹ ní gbèsè lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìgbà tí a ó san án àti bí a ó ṣe san án.

Ṣómólú àti Bàrígà ní Èkó mú kí ìbéèrè yìí gbóná. Ṣómólú ni ojúkò iṣẹ́ ìwé títẹ̀ tí gbogbo Èkó mọ̀, níbi tí a ti ń tẹ kàlẹ́ńdà, rìsíìtì àti ìwé ètò ìsìn; Bàrígà sì ni CMS Grammar School, ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, fìdí kalẹ̀ sí lónìí. Síbẹ̀, ẹni tí ń to bébà jọ nílé ìtẹ̀wé lè fi nọ́ńbà to ojú ìwé láìṣi ẹyọ kan, kí ó má sì lè ka gbólóhùn kan nínú ohun tí ó tò. Ìyá ẹlẹ́ja létí ọ̀sà Bàrígà lè fi orí ṣírò owó àjọ, kí ó sì tẹ̀ka sí ìwé owó-yá tí ẹlòmíràn kà fún un. Irú wọn kì í ṣe òpè rárá. Ohun tí a fi dù wọ́n ni agbára láti fi ojú ara wọn yẹ ọ̀rọ̀ wò kí wọ́n tó gbà á.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 18, ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ọ̀fẹ́ fún àgbà nígbà tí agbára bá ká a, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sì ka ẹ̀kọ́ àgbà mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 6 Ìwé Òfin yìí kan náà kò jẹ́ kí a lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ìlérí náà, àwọn kan sì lè tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé kò sí gbèsè níbẹ̀. Èrò yìí kò bá ti ọmọlúàbí mu, nítorí pé ọmọlúàbí, ẹni tí ìwà rẹ̀ kò tako ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í dúró de akọ̀wé kóòtù kí ó tó san ohun tí ó jẹ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wọ̀nyí ni ó fi òógùn ojú wọn rán àbúrò àti ọmọ lọ sílé-ìwé, tí owó ọjà tí wọ́n san sì wà lára ohun tí ìlú ń ná.

Bí ó bá jẹ́ gbèsè, ọ̀nà ìkọ́ni gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Ìgbà tí ọjà bá tú ni kí kíláàsì bẹ̀rẹ̀. Èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ nílé ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Rìsíìtì, ìwé owó-yá àti ìwé ìlò oògùn ni kí ó jẹ́ ìwé kíkà àkọ́kọ́. Olùkọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ rántí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, kí ó sì máa bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé wọ kíláàsì.

Nítorí náà, ó tọ́ kí àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ṣómólú àti Bàrígà máa ya owó ẹ̀kọ́ àgbà sọ́tọ̀ nínú ètò ìṣúná ọdọọdún, kí wọ́n sì máa jíhìn rẹ̀ fún ará ìlú, nítorí gbèsè ni, ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ sì ti kọjá.