Òkúta Dúró, Ọ̀rọ̀ Ti Lọ



Èmi àti ọmọ àbúrò mi wakọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A yà sí Stonehenge, níbi tí àwọn òkúta ńláńlá tò yíká lórí pápá. Àwọn tó tóbi níbẹ̀ wúwo tó 25 tọ́ọ̀nù, ó sì ti tó nǹkan bí 4,500 ọdún tí wọ́n ti gbé wọn nàró. Àwọn kéékèèké wá láti Wales, ó lé ní 200 kìlómítà, bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́tò nígbà náà.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ta ló kọ́ ọ? Òrìṣà wo ni wọ́n ń bọ níbẹ̀?"

N ò rí nǹkan sọ. Ẹ wò ó, ẹsẹ Ifá kan ṣoṣo á dárúkọ awo tó dífá, á sọ ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tó ń dùn ún, ẹbọ tí wọ́n ní kó rú, àti ibi tọ́rọ̀ já sí. Òkúta yẹn ò lè dáhùn ẹyọ kan. Àwọn tó ń walẹ̀ rí eegun òkú tí wọ́n fi iná sun níbẹ̀, àmọ́ kò sí orúkọ ẹnì kankan. Àwọn tó gbé e ró ò kọ nǹkan sílẹ̀, ẹnu tó mọ ìtàn rẹ̀ sì ti dákẹ́.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ní Ilé-Ifẹ̀, òkúta ẹyọ kan péré ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ Ifẹ̀, á sọ ìtàn rẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kò jẹ́ kó di òkúta lásán.

Bí ọ̀rọ̀ bá wá sọnù, ta ló jẹ̀bi? Ṣé àgbà tó ní "kò tíì tó àkókò" ni, àbí ọmọdé tó ní "ó di ọ̀la"? Olúwo mi ní kí n wá gba ẹsẹ Ọ̀sá Méjì kan, mo ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá wọlẹ̀ kí ọdún tó yí po. Títí dòní, n ò rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Lóòótọ́, awo ní èèwọ̀. Kì í ṣe gbogbo nǹkan là ń sọ ní gbangba. Ṣùgbọ́n àṣírí tá ò fi lé ẹnì kankan lọ́wọ́ ti kúrò ní àṣírí, ó ti sọnù nìyẹn. Lójú tèmi, ẹ̀bi àgbà ló pọ̀ jù, torí ọmọdé ò lè béèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Mo jẹ̀bi nígbà èwe; mi ò fẹ́ tún jẹ̀bi lágbà.

Ká tó padà dé Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ náà ti kọ́ ẹsẹ Èjì Ogbè kan. Ó ṣì ń ṣì í pè díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà lẹ́nu rẹ̀.