Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ló Ń Mú Kí Ilẹ̀ Mì?



Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ Ifá lọ́dọ̀ mi kì í yé bi mí: "Baba, nígbà tí ilẹ̀ bá mì tó sì pa èèyàn rẹpẹtẹ, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀?" Ọ̀rọ̀ Haiti ló sábà máa ń bí ìbéèrè náà. Ní January 12, 2010, nígbà tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú méje, ilẹ̀ mì nítòsí Léogâne, kò sì jìnnà sí Port-au-Prince tó jẹ́ olú ìlú. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìjọba Haiti ní àwọn tó kú lé ní 300,000. Àwọn olùṣèwádìí mìíràn ní iye náà kéré sí bẹ́ẹ̀ dáadáa. Èyí tó wù kó jẹ́, òkú sùn lọ bẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kejì, oníwàásù ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Pat Robertson jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní àwọn baba ńlá àwọn ará Haiti ló bá Sátánì mulẹ̀ kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ àwọn Faransé, pé láti ìgbà náà ni ègún ti ń jà wọ́n. (Sátánì ni mo pè é o. Èṣù tiwa kò sí nínú ẹjọ́ yìí.)

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ìpàdé Bwa Kayiman ti August 1791 ni irú wọn ń tọ́ka sí, níbi tí àwọn ẹrú ti búra kí wọ́n tó dìde sí àwọn olówó wọn. Ẹ̀sìn Vodou tí wọ́n fi búra, láti Dahomey àti Kongo ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n tiwa náà wà níbẹ̀: ẹ̀ka kan wà tí wọ́n ń pè ní Nago, Ogou tí wọ́n sì ń bọ, Ògún ni. Ẹni tó bá ní Vodou ló mú ilẹ̀ mì, ojúbọ tiwa náà ló ń nawọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ yìí kì í ṣe odidi kan. Ẹ wo obì àbàtà: bó ti rí bí ẹyọ kan lójú, awẹ́ awẹ́ ni. Èèpo ayé náà pín sí awẹ́ ńláńlá, wọ́n sì ń rìn. Awẹ́ tí òkun Caribbean wà lórí rẹ̀ àti awẹ́ tí Amẹ́ríkà ti Àríwá wà lórí rẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ kọjá lára ara wọn ní nǹkan bíi mìlímítà 20 lọ́dún. Èékánná ọwọ́ yín ń hù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti fara kan ara wọn kì í yọ̀. Ó máa ń há. Awẹ́ méjèèjì ń tì, ibi tó há kò gbà, agbára sì ń kó jọ síbẹ̀ bí ọrun tí ọdẹ fà tí kò tíì ta. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Port-au-Prince ti wó báyìí rí ní 1751 àti ní 1770, nígbà tí àwọn Faransé ṣì wà lórí àga, tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé Bwa Kayiman. Ní 2010, nǹkan bíi kìlómítà 13 nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó tún já.

Tí ẹ bá sì ní ìjìyà ni, ẹ ṣàlàyé kàtídírà Port-au-Prince fún mi. Ó wó. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú náà, Joseph Serge Miot, kú lọ́jọ́ náà. Ní 1755, ní Lisbon ní ilẹ̀ Pọ́túgàl, November 1 ni ilẹ̀ mì, ọjọ́ ọdún gbogbo àwọn ẹni mímọ́, nígbà tí àwọn èèyàn kún inú ṣọ́ọ̀ṣì. Orí àwọn tó ń gbàdúrà ni òrùlé wó lé.

Èyí tó dá mi lójú jù lọ ni ti Chile. Ní February 27, ọdún 2010 kan náà, ilẹ̀ mì níbẹ̀ pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po 500 ti Haiti. 8.8 ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Ti Haiti jẹ́ 7.0. Àwọn tó kú ní Chile, pẹ̀lú àwọn tí omi òkun gbé lọ, jẹ́ nǹkan bí 525. Ṣé àwọn ará Chile kò ní ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ohun tí wọ́n ní ni òfin ìkọ́lé tí wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí ní 1960 ilẹ̀ ti mì wọ́n pẹ̀lú 9.5, èyí tó le jù lọ nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì wọ̀n láyé. Ní Haiti, búlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó, irin tín-ín-rín, òrùlé kọnkéré tó wúwo. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀ o! Ìjì ńlá máa ń jà níbẹ̀ lọ́dọọdún, ilé tó wúwo ni ìjì kì í gbé.

Mo gbọ́dọ̀ bá àwọn tiwa náà wí. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mpape l'Abuja ní September 2018, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà kan pé torí a pa òrìṣà tì ni. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló yàtọ̀ sí ti Robertson? Orúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan ni ẹ pààrọ̀. Ẹ sì wo ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń sin èèyàn lọ: ní ọdún tí ilẹ̀ mì náà, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Haiti. Wọ́n ní àwọn àwòrò Vodou ló da oògùn sómi. Ó kéré tán, èèyàn 45 ni àwọn èrò pa, àwòrò ni ọ̀pọ̀ wọn. Ìwádìí padà fi hàn pé láti ibùdó àwọn ọmọ ogun àjọ UN ni àrùn náà ti wọ odò.

Ẹnì kan á ní, "Ṣùgbọ́n Baba, Ifá sọ̀rọ̀ Ilẹ̀ àti Ọ̀run tí wọ́n jà nítorí emó kan, tí òjò kò rọ̀ mọ́." Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún ìtàn náà gbọ́ dáadáa: ta ni iṣu rẹ̀ kò ta? Ta ni oyún bà jẹ́ mọ́ lára? Àwọn tí kò jẹ nínú emó ni. Ifá kò pè wọ́n ní ẹlẹ́ṣẹ̀.

Ìtàn tí èmi ń mú lò lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Ifẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Omi ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n da erùpẹ̀ sí i, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tàn án káàkiri. Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń sáré kọjá ni ti agẹmọ. Kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù, wọ́n rán agẹmọ lọ wo ilẹ̀ náà. Ó yọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ó padà wá jíṣẹ́ pé ó ti fẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ. Wọ́n tún rán an. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó ní ó ti gbẹ.

Haiti ní agẹmọ tirẹ̀. Ní March 2008, ní ìpàdé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Santo Domingo, Eric Calais, Paul Mann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sọ pé agbára tó ti kó jọ lẹ́bàá Port-au-Prince lè mú ìmìtìtì ilẹ̀ tó tó 7.2 wá. Wọ́n jíṣẹ́. Owó wo ni wọ́n fẹ́ fi tún gbogbo ilé ìlú kọ́? Láti 1825 ni Faransé ti bu gbèsè fún Haiti pé kí wọ́n sanwó òmìnira wọn, mílíọ̀nù 150 faranki, kí wọ́n tó dín in kù sí 90. Ìran dé ìran ló ń san án.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le fún mi. A gbà pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Bíríkìlà tó jí sìmẹ́ǹtì, òṣìṣẹ́ tó gba rìbá tó fọwọ́ sí ìwé, èmi kà wọ́n sí ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé wó ní Ikoyi ní November 1, 2021, alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́, tó pa èèyàn tó lé ní 40, ilẹ̀ kò mì rárá. Àwọn lébìrà tó ń fi orí ru kọnkéré wà lára àwọn tó bá ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ kò mọ ẹni tó búra mọ́ ẹni tí kò búra. Àwa ni a mọ̀ ọ́n, àwa ni a lè pè é lẹ́jọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì tún sọ pé Ilẹ̀ á dá a fún wa.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1984. Kò pọ̀, ó kàn mi àwọn ilé jìgìjìgì.

Ní báyìí, tí ẹnikẹ́ni bá wá dá Ifá nítorí ìpìlẹ̀ ilé, mo ń dá a bí mo ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí n tó ka ẹbọ, mo máa ń bèèrè: ta ni bíríkìlà yín? Ṣé ẹnjiníà ti wo ilẹ̀ náà? Búlọ́ọ̀kù mélòó ni wọ́n ń yọ nínú àpò sìmẹ́ǹtì kan? Inú máa ń bí àwọn mìíràn. Ọkùnrin kan ní, "Baba, Ifá ni mo wá dá, mi ò wá sí ọ́fíìsì gómìnà." Mo ní kó lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń yọ búlọ́ọ̀kù fún un, kó tó padà wá gba ẹbọ.