Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ náà, nínú oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé wa ní Òjòkú. Àǹtí mi ló ń pè láti Ìlọrin. Kò kí wa, kò béèrè bóyá a jí dáadáa. Ó ní ká gbé omi kaná, ká da iyọ̀ sí i, kí gbogbo ilé fi wẹ̀, kí kálukú sì mu ife kan kí oòrùn tó yọ, torí òun ni oògùn Ebola. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ilé ti dàrú. Ẹnì kan ń koná, ẹnì kan ń jí àwọn ọmọdé, ẹnì kan ti ń fi ife bu iyọ̀ látinú àpò. Ìyá àgbà, tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ló béèrè pé:

"Ta ló sọ ọ́?"

Mo ní Àǹtí Ìlọrin ni.

"Ta ló sọ fún un?"

A pe àǹtí padà. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó wà ní Kàdúná ni.

"Ta ló sọ fún ìyẹn náà?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ìyá àgbà wo ìkòkò tó ti ń hó, ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ da iyọ̀ yẹn padà sápò. Ọbẹ̀ alẹ́ ló máa wúlò fún." Ẹ̀rín náà ràn wá. A padà lọ sùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan la gbọ́ pé omi iyọ̀ yẹn ti pa èèyàn méjì ní Nàìjíríà, pé àwọn mìíràn sì ti dèrò ọsibítù. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá sọ̀rọ̀ lé e lórí. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ a máa fa omi kúrò lára, ó sì lè ba ọpọlọ jẹ́. Ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tún wá burú jù. Ẹ̀rín ìyá àgbà ló kó wa yọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú nípa ẹ̀rín yẹn, torí mo rí i pé ó ti ń tán lọ láàrin wa.

Ìyá àgbà kò kàwé. Àgbo ló ń tà, láti Òjòkú títí dé ọjà Owódé ní Ọ̀fà. Bí ẹnì kan bá mú ewé tuntun wá bá a pé ó ń wo ibà, kò ní lé e, kò sì ní tètè gbà á. Á bi í pé: Ta ló mu ún? Àárọ̀ mélòó ló fi mu ún? Kí ló tún ń lò mọ́ ọn? Àwọn tó mu ún tí kò ṣe nǹkan kan fún, àwọn dà? Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú àwọn ìbéèrè rẹ̀ rèé: "Ibà tó jẹ́ pé ọjọ́ méje ló ń lò kó tó lọ fúnra rẹ̀, tí o wá fún un ní àgbo ọjọ́ méje, kí lo wò?" Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo tó mọ̀ pé òbítíbitì owó ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ná kí wọ́n tó lè dáhùn ìbéèrè yìí. Wọ́n á pín àwọn aláìsàn sọ́nà méjì, wọ́n á fún apá kan ní oògùn, wọ́n á fún apá kejì ní ohun tó kàn jọ oògùn lójú, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, wọ́n á wá wò ó bóyá ìyàtọ̀ wà. Ìyá àgbà ò ní yàrá àyẹ̀wò, àmọ́ ó ní ìbéèrè náà.

Àwọn ará Ọ̀fà, aládùúgbò wa, ìjàkadì la fi mọ̀ wọ́n. Nínú ìjàkadì, a kì í fi ẹnu dá èèyàn. Ẹni tó bá ní òun lágbára, kó bọ́ sójú agbo. Ẹ̀yìn ẹni tó bá kanlẹ̀, ojú gbogbo èèyàn ló ṣe, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Bó ṣe yẹ ká máa gba ìròyìn nípa ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gan-an nìyẹn. Àwọn àgbà wa ò kórìíra ohun tuntun. Wọ́n wọ rélùwéè ní Ọ̀fà, wọ́n gbọ́ rédíò, wọ́n ra kẹ̀kẹ́. Ohun tí wọn ò ṣe ni kí wọ́n máa lùlù fún ẹni tí kò tíì jà.

Ebola tó fa ariwo omi iyọ̀ yẹn náà ló fi iṣẹ́ àfojúbà hàn wá. Ogúnjọ́ oṣù keje ọdún 2014 ni Patrick Sawyer gbé àrùn náà wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Stella Ameyo Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé Sawyer kò ní kúrò ní ọsibítù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fúngun mọ́ ọn pé kó jẹ́ kó lọ. Àrùn náà ló sì pa dókítà yìí lọ́jọ́ 19 oṣù kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fara kan aláìsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900. Wọ́n ń lọ bá wọn nílé, wọ́n ń wò ó bóyá ara wọn ń gbóná, títí ọjọ́ 21 fi pé. Ìbẹ̀wò ojúkojú yìí lé ní 18,000. Ogún èèyàn ló kó àrùn náà ní Nàìjíríà, mẹ́jọ ló kú. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé a ti bọ́. Ẹ ò rí i? Irọ́ fò láti Kàdúná dé Òjòkú kí àkùkọ tó kọ, òtítọ́ sì fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé fún oṣù mẹ́ta gbáko. Èyí tó fẹsẹ̀ rìn ló gbà wá là.

Lásìkò yẹn kan náà ni orógbó di ohun tí wọ́n ń du. Lọ́dún 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ ewéko ní St. Louis, l'Amẹ́ríkà, pé oje orógbó dá kòkòrò Ebola dúró nínú yàrá àyẹ̀wò. Nínú ìgò ni, kì í ṣe lára èèyàn. Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ti gé "nínú ìgò" kúrò, ó wá ku "orógbó ń wo Ebola". Ọṣẹ pàápàá ń pa kòkòrò, kò sì sẹ́ni tó ń gbé ọṣẹ mì. Ó dùn mí, torí orógbó kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun la fi ń wúre fún ọmọ tuntun pé kó gbó, kó tọ́. Ohun tí a ti mọ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a jẹ́ kí ìbẹ̀rù sọ ọ́ di irọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Nígbà tí Kòrónà dé lọ́dún 2020, a fi hàn pé a ò kọ́gbọ́n. Donald Trump yin chloroquine nínú oṣù kẹta. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sí ọsibítù l'Ékòó torí pé wọ́n lò ó kọjá ìwọ̀n. Oògùn ibà tí gbogbo wa ti ń lò láti kékeré, tó ń yún ni lára tí a kì í fi í rójú oorun, la sọ di májèlé fúnra wa. Àwọn onímọ̀ ní Oxford àti Àjọ Ìlera Àgbáyé wá gbé hydroxychloroquine, ọmọ ìyá rẹ̀, sójú agbo. Ẹ̀yìn rẹ̀ kanlẹ̀: kò dín ikú kù lára àwọn tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù. Wọ́n kéde rẹ̀ nínú oṣù kẹfà, ojú ò sì tì wọ́n láti sọ pé ohun tí àwọn rò pé ó lè ṣiṣẹ́ kò ṣiṣẹ́. Lọ́dún kan náà, àwọn kan ń pariwo pé òpó 5G ló ń tan Kòrónà ká, nígbà tí Nàìjíríà ò tíì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G kankan tí aráàlú ń lò. Ọdún 2022 ló tó dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá pa irọ́ yẹn: òpó náà dà?

Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló ń ṣe èyí fún wa. Ìgbéraga náà ń ṣe é. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2015, ìròyìn kárí ayé pé ọ̀mọ̀wé kan l'Ékìtì ti yanjú ìṣirò Riemann, tó ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú láti ọdún 1859, tí ẹ̀bùn mílíọ̀nù kan dọ́là sì wà lórí rẹ̀. A yọ̀, a jó. Inú tèmi náà dùn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ohun tí àwọn tó ni ẹ̀bùn náà máa sọ. Títí dòní, ìṣirò yẹn ṣì wà lára àwọn tí wọ́n kà sí èyí tí kò tíì ní ojútùú. Ìfẹ́ ọmọ ẹni kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ajìjàkadì dénú kì í gbé e sọ́rùn kó tó wọ agbo.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ká má gba nǹkan kan gbọ́ mọ́. Ìyẹn náà ń pani. Lọ́dún 1996, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn yírunyírun ń ṣe ní Kano. 200 ọmọ ló kópa, mọ́kànlá kú, ọ̀pọ̀ òbí sì ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nítorí náà, nígbà tó di ọdún 2003 tí wọ́n ní kí Kano má gba àjẹsára rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀, mo lóye ìbẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ àjẹsára náà wò tí wọn ò rí aburú kankan nínú rẹ̀, àhesọ ò dáwọ́ dúró. Àrùn sì tàn láti ibẹ̀ dé orílẹ̀-èdè mìíràn, ó sọ àwọn ọmọ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ di arọ. Ọdún 2020 ni wọ́n tó kéde pé kòkòrò àdáyébá tó ń fa àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà. Iyèméjì tí kò fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ti di agídí. Ìyá àgbà béèrè ìbéèrè mẹ́ta péré. Ká ní ẹnì kan dá a lóhùn dáadáa ni, òun ni ì bá kọ́kọ́ bu omi iyọ̀ náà mu.

Kí ló wá ba ìwà ká máa wádìí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́? Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ ní baba. Bí akéde bá lu agogo káàkiri Òjòkú, a mọ̀ pé láti ààfin Olójòkú ló ti wá, a sì mọ ilé akéde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọ́wáàdì sórí fóònù lónìí kò ní baba, kò ní ojúlé. Àwọn oníròyìn wa náà jẹ̀bi: bí wọ́n bá ní oògùn kan dé, àkọlé gàdàgbà ni, bí oògùn náà bá já sí asán, wọn ò ní fi ìlà kan sọ ọ́. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó ọwọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa la sọ ìbéèrè di àfojúdi. Ẹni tó bá ní "ta ló sọ ọ́?" nínú ẹbí, wọ́n á ní kò nígbàgbọ́, tàbí pé ìwé tó kà ló ń gùn ún. Ẹ̀rín tí àgbà fi ń dá irọ́ lẹ́kun, tí kò bú ẹnikẹ́ni, tí kò sì ba ọ̀rẹ́ jẹ́, la pa sọnù. Ìyá àgbà ò bú Àǹtí Ìlọrin lọ́jọ́ náà. Ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un pè.

Ìyá àgbà ti sùn báyìí. Nígbà tí mo wà nílé lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi fídíò kan hàn mí lórí fóònù. Dókítà kan tí gbogbo ayé mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ pé òun ní oògùn kan tó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn èèyàn pa oògùn ọsibítù tì. Bàbá ti fẹ́ fowó ránṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún wọn pé kọ̀ǹpútà lè ya ojú èèyàn, ó lè sín ohùn rẹ̀ jẹ. Bàbá ní, "Èmi fojú ara mi rí i." Ẹ̀rù bà mí, torí ohun tí à ń pè ní àfojúbà gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ayédèrú rẹ̀ yìí.

Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló na ọrùn wo fóònù náà. "Bàbá àgbà, ẹ wo ẹnu ẹ̀. Ó ti panu dé, ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde." Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ní kó tún fi fídíò náà hàn kí àwọn rí i. Wọ́n gbé ìgò ojú wọn wọ̀, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní ká bu omi wá kí àwọn lo oògùn àwọn.