Ṣé Kíláàsì Tí Ó Dákẹ́ Ni Ó Ń Kẹ́kọ̀ọ́?

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ bá pa rọ́rọ́ ni a máa ń yìn. Èmi náà gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kò fi mí sílẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì: ṣé ọ̀wọ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ọmọ, tàbí ẹ̀rù?

Ní ọjọ́ kan, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn ní ìṣirò ìdá. Ọmọbìnrin kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀. Mo nà án ní pàṣán. Lẹ́yìn náà ni mo tó bi ẹnìkejì náà léèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní, "Mà, ó ní kí n wo búrẹ́dì kan. Bí àwa mẹ́rin bá pín in, tèmi yóò kéré sí ìgbà tí àwa mẹ́ta bá pín in." Ohun tí mo fi ogún ìṣẹ́jú ṣàlàyé tí kò yé wọn, gbólóhùn méjì ni ọmọ náà fi là á yé ẹnìkejì rẹ̀, ní èdè Yorùbá. Olùkọ́ ni mo nà! Mo bẹ̀ ẹ́ ní ojú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tún lanu ní kíláàsì mi.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fa ìlà sí àárín ojú ewé nóòtì ẹ̀kọ́ mi. Ní apá kan, mo ń kọ ohun tí èmi yóò sọ. Ní apá kejì, ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe: kí wọ́n ka ìdérí ìgò, kí wọ́n pín ọsàn, kí méjì-méjì bi ara wọn léèrè. Bí apá kejì bá ṣófo, mo mọ̀ pé n kò tíì múra. Olùkọ́ tí kò múra ń jalè, nítorí àkókò ọmọ ọlọ́mọ ni ó ń gbé lọ, kò sì lè dá a padà.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ṣé kí kíláàsì wá di ọjà ni?" Rárá o. Àkókò ọ̀rọ̀ wà, àkókò ìfetísílẹ̀ sì wà. Ìmúrasílẹ̀ ni ó ń ya wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà kò kéré. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọ́n ta àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní àárín ọ̀nà yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tí èdè bá yé ni ó lè béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí i: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Èyí kan àwa ìyá nílé pẹ̀lú. Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, ẹ má kàn sọ pé, "Lọ kàwé rẹ." Ẹ jókòó tì í, kí ẹ wí pé, "Wá kọ́ mi ní ohun tí o kọ́ lónìí." Kí ẹ sì dákẹ́ o. Ó yẹ kí àwa àgbà náà mọ bí a ti ń dákẹ́.