Kí Ni Àgbẹ̀ Fi Sílẹ̀ Nígbà Tí Ó Bá Lọ?



Ní agbègbè wa yìí, láti Ahoyéyé títí dé Pobẹ̀ àti Sakẹ́tẹ́, bí àgbẹ̀ kan bá kú, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, màlúù mélòó ni àwọn ọmọ yóò pa? Aṣọ wo ni ẹbí yóò dá? Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a ó ká àgọ́ kúrò nílẹ̀, onílù á gba owó rẹ̀, ó tán. Nígbà mìíràn, láti lè rí owó ìnáwó náà, ilẹ̀ tí bàbá fi gbogbo ayé rẹ̀ ro ni wọ́n á tà. Wọ́n ta ilẹ̀ bàbá kí wọ́n lè yẹ́ bàbá sí. Ẹ gbọ́ ná, ṣé ìyẹn ni ìrántí? Ìbéèrè tí ó yẹ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí: kí ni àgbẹ̀ fi sílẹ̀ ní tòótọ́, kí sì ni ó tọ́ kí àwa tí ó kù ṣe sí i?

Ẹ jẹ́ kí á fi ìgbé ayé ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Yacouba Sawadogo ni orúkọ rẹ̀, ará abúlé Gourga lẹ́bàá ìlú Ouahigouya, ní ilẹ̀ Burkina Faso tí wọ́n ń pè ní Haute-Volta títí di 1984. Nǹkan bí ọdún 1946 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2023. Mùsùlùmí ni, kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Ilé kéú ni wọ́n rán an lọ ní kékeré, kò mọ ìwé kọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere kì í bèèrè ibi tí ènìyàn ti ń gbàdúrà kí ó tó so èso.

Ilẹ̀ wọn kò rí bí tiwa. Níhìn-ín, òjò ń rọ̀ nígbà méjì lọ́dún, ọ̀pẹ ń lalẹ̀ hù lẹ́yìn ilé. Ọ̀dàn ni tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àsìkò òjò lọ́dún, bí òjò náà bá sì kọ̀, ìyàn dé. Láàárín 1970 sí 1985, ọ̀dá mú ilẹ̀ náà gan-an. Ilẹ̀ le gbagidi, ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù wọn, wọ́n sá lọ. Yacouba ti ń ṣòwò lọ́jà Ouahigouya nígbà náà. Ó fi òwò sílẹ̀, ó padà sóko ní àkókò tí àwọn ẹlòmíràn ń sá kúrò níbẹ̀.

Kí ni ó wá ṣe? Ihò ni ó gbẹ́. Àwọn baba wọn ti máa ń gbẹ́ ihò kéékèèké tí wọ́n ń pè ní zaï. Yacouba mú un fẹ̀, ó mú un jìn, kò sì dúró de òjò, nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ni ó ń gbẹ́ ẹ. Ó ń kó ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà sínú rẹ̀. Ikán, tí àwa ń pè ní ọ̀tá, á wá jẹ ẹ́, á sì lu ilẹ̀ wọ inú lọ. Bí òjò bá dé, omi á gba ojú ọ̀nà ikán wọlẹ̀, kò ní ṣàn lọ lásán. Ó tún ń to òkúta sórí ilẹ̀ láti fi dá omi dúró. Àwọn ará abúlé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwọn kan tilẹ̀ dáná sun iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ọkà bàbà àti jéró ṣe dáadáa, ìdílé rẹ̀ tí ó pọ̀ rí oúnjẹ jẹ. Igi tún ń hù nínú ihò pẹ̀lú ọkà, kò fà á tu, ó dáàbò bò ó. Díẹ̀díẹ̀ ó di igbó, nǹkan bíi hẹ́kítà 40, oríṣi igi tí ó wà níbẹ̀ lé ní 60. Ní 2018 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní Sweden, ní 2020 Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà tún dá a lọ́lá.

Nígbà tí irú ọkùnrin báyìí bá lọ, nǹkan mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀.

Èkíní ni àká. Àká dára, nítorí ẹni tí kò bọ́ ará ilé rẹ̀, kí ó má wàásù fún ará ìta. Ṣùgbọ́n ọkà inú àká, oúnjẹ ọdún kan ni. Bí a kò bá gbin òmíràn, ó tán.

Èkejì ni ilẹ̀. Ilẹ̀ pẹ́ ju àká lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbà á. Ìlú Ouahigouya ń fẹ̀ sí i, wọ́n sì pín apá kan lára igbó tí Yacouba gbìn fún ilé kíkọ́. Ìṣojú rẹ̀ ni, kò tíì kú. Ẹni tí gbogbo ayé ń yìn ni o.

Ẹ̀kẹta ni ìmọ̀. Láti 1984 ni ó ti ń pe àwọn ará abúlé mìíràn wá sí oko rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, wọ́n ń mú irúgbìn wá, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n ń wo bí ó ti ń gbẹ́ ihò. Kò fi pamọ́, kò sì tà á. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Niger pàápàá wá kọ́ iṣẹ́ zaï ní agbègbè wọn, wọ́n sì mú un lọ sílé. Ta ni yóò wọn èyí ní pálọ́tì? Ta ni yóò tà á nítorí òkú ṣíṣe? Ohun tí ó fún àwọn ẹlòmíràn ni kò sí ẹni tí ó lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹnìkan lè wí pé, "Bàbá, ilẹ̀ kì í ṣe òrìṣà. Bí ọmọ mi bá wà lórí àìsàn ńkọ́?" Òótọ́ ni. Bàbá tí ó ro ilẹ̀ náà, nítorí ọmọ ni ó ṣe ro ó. Bí a bá tà díẹ̀ láti fi gba ẹ̀mí là, a kò ṣẹ bàbá, ohun tí òun náà ìbá ṣe ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a tà nítorí kí ará àdúgbò lè sọ pé òkú náà dùn, ẹnu ará àdúgbò ni a bọ́, kì í ṣe ọmọ bàbá.

Ẹlòmíràn á ní, "Kútọnu ni mò ń gbé, n kò lè ṣe àgbẹ̀." Kò sí ẹni tí ó ní kí o wá di ọkọ́ mú. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ààlà ilẹ̀ bàbá rẹ? Ṣé o lè jẹ́ kí àbúrò rẹ tí ó wà nílé máa ro ó?

A máa ń pa á lówe pé, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ ni a fi ń bú. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: ta ni kò kọ́ ọmọ? Àwa bàbá ni! A mú ọmọ lọ sóko kí ó lè bá wa ru iṣu bọ̀, a kò sọ fún un ìdí tí a fi gbin èyí síbí, tí a kò fi gbin tọ̀hún. Lọ́jọ́ tí a bá kú, ilẹ̀ lásán ni ọmọ ń wò, owó ni yóò sì rí níbẹ̀.

Ẹ wo ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà ní Pobẹ̀. Àwọn Faransé ni ó dá a sílẹ̀ ní 1922, ti ìjọba Benin ni lónìí. Níbẹ̀, wọ́n ń kọ ìtàn ọ̀pẹ sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ìyá, èyí tí ó jẹ́ baba. Bí àlejò bá lè kọ ìtàn ọ̀pẹ sílẹ̀, àwa ọmọ onílẹ̀ kò wá lè kọ ìtàn oko bàbá wa sínú ìwé kékeré kan?

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, kí ẹsẹ̀ tó kọ oko, ẹ mú àwọn ọmọ yín, ọkùnrin àti obìnrin, kí ẹ bá wọn rìn yí ààlà ká. Òfin ilẹ̀ tí Benin ṣe ní 2013 fàyè gba ìwé lórí ilẹ̀ ìdílé, ẹ lọ gbà á nígbà tí ẹnu yín ṣì ń sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ mọ̀ nípa irúgbìn, ẹ kọ́ aládùúgbò pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ, lọ́jọ́ ìrántí bàbá yín, ẹ dín àgọ́ kù, kí ẹ gbin igi sí oko rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ kéékèèké ẹni tí ó ro ibẹ̀.

Kí Olúwa jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa pẹ́ jù wá lọ. Àmín.