Ọkọ̀ Tí Ó Ń Ròyìn Ẹni Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀: Ta Ni Ó Ni Ìròyìn Náà?

  Ẹjọ́ kan ni wọ́n gbé wá bá wa ní ilé-kéú, ẹjọ́ ọkọ̀, a sì jẹ́wọ́ pé ó ju òye wa lọ ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí a jọ rò ó lóṣù yìí.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́wọ́ wa gba ọkọ̀ Micra lọ́wọ́ ọkùnrin kan, kí ó máa fi ṣiṣẹ́, kí ó sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi di tirẹ̀. Ọ̀nà Akanran ni ó ń ná. Kí ọlọ́kọ̀ tó fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rewáyà kan tí ó de ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Tírákà ni àwọn ènìyàn ń pè é. (Kì í ṣe títiraka o, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń tiraka gan-an.) Síìmù wà nínú rẹ̀ bí ó ti wà nínú fóònù. Ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí ó wà lókè láti mọ ibi tí ó wà, yóò sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ìròyìn ibẹ̀ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan. Níbẹ̀ ni fóònù ọlọ́kọ̀ ti ń kà á. Wáyà kan tún ti ara rẹ̀ lọ sí ibi tí iná ti ń dé pọ́ǹpù epo. Bí ọlọ́kọ̀ bá tẹ fóònù níbi tí ó jókòó sí ní Ìbàdàn, ọkọ̀ tí ó wà ní Akanran yóò kú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wa yìí gbé aboyún kan ní abúlé, obìnrin náà sì ti ń rọbí. Owó ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ wa jẹ nígbà náà. Ní àárín oko, níbi tí kò sí ilé kò sí iná, ọkọ̀ kú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò rí ohun tí ó ṣe é. Ó pe ọlọ́kọ̀ títí, kò gbé e, nítorí pé ọlọ́kọ̀ ti tẹ fóònù tán, ó sì ti sùn lọ. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé obìnrin náà dé ilé ìwòsàn, tí ìyá rẹ̀ ń dì í mú láti ẹ̀yìn. Ọlọ́hun kó wọn yọ. Ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìjà dé.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ọlọ́kọ̀, nítorí pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá àgbà òṣìkà ni. Ọkùnrin náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Owó kòkó ni ó fi ra ọkọ̀ yẹn. Dírẹ́bà kan sì ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sá lọ tí a kò rí i di òní. Ó ní, "Àáfà, ohun ìní mi ni. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn ilé mi, ta ni yóò bi mí?" Ọmọ wa ní òun gbà pé òun jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkú ọkọ̀ nìkan ni ó ń dun òun. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, ọlọ́kọ̀ pe òun, ó ní, "Kí ni o ń ṣe fún wákàtí méjì ní ilé tí o lọ lánàá?" Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni ọjọ́ náà, ilé àwọn òbí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ sì ni, kò tíì sọ fún bàbá tirẹ̀ pàápàá.

A ní kí wọ́n fún wa ní ọjọ́ mẹ́ta.

Nínú ẹ̀kọ́ fíkíhì tí a kà, ẹni tí ó bá fi ohun ìní rẹ̀ háyà, ohun náà ṣì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ ti di ti ẹni tí ó háyà rẹ̀ títí àkókò yóò fi pé. Lánlọ́ọ̀dù ni ó ni ilé. Síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ ó ṣe bí lánlọ́ọ̀dù bá fi kọ́kọ́rọ́ kejì ṣí yàrá yín ní òru láti wo bí ẹ ṣe sùn. Kódà bí ẹ bá jẹ owó oṣù mẹ́ta, ẹ ó figbe ta. Kí ni ìyàtọ̀ ti ọkọ̀? Ọlọ́kọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ pé ọkọ̀ òun kò tíì sọdá bodè. Ilé àna dírẹ́bà kò sí nínú ohun tí ó rà.

Imaam Ghazaali mú ìtàn kan wá nínú Ihyaa, nípa Sayyidinaa Umar. Ní òru kan tí ó ń yí ìlú Mẹ̀dínà ká, ó gbọ́ ohùn orin nínú ilé kan. Ó fo ògiri wọlé, ó bá ọkùnrin kan pẹ̀lú ọtí àti obìnrin, ó sì bá a wí gidigidi. Ọkùnrin náà ní kí ó má yára. Ó ní òun dá ẹ̀ṣẹ̀ kan, ṣùgbọ́n olórí àwọn onígbàgbọ́ dá mẹ́ta: ó ṣe amí, kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sì sálámà kí ó tọrọ àyè. Umar kò rí èsì, ó sì fi ọkùnrin náà sílẹ̀.

Ẹ wo ìtàn yìí dáadáa, nítorí pé òun ni ó fọ́ àwíjàre tí a máa ń gbọ́ jù lọ: "Bí kò bá ṣe ohun burúkú, kí ni ó ń bẹ̀rù?" Ohun burúkú ni ọkùnrin Mẹ̀dínà yẹn ń ṣe. Síbẹ̀ ògiri rẹ̀ ṣì jẹ́ ògiri. Bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá ní ògiri, ọmọ tí ó lọ kí àna rẹ̀ ńkọ́? Tírákà ń fo ògiri ní gbogbo ìṣẹ́jú, kì í sì í rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin arábìnrin wa, ẹ mọ̀ pé a kò sọ ti dírẹ́bà nìkan. Àwọn ọkọ kan ń fi irú ẹ̀rọ yìí sí ọkọ̀ ìyàwó wọn láìjẹ́ kí ó mọ̀, wọ́n sì ń pe èyí ní ìtọ́jú. Súrà Hujuraat tí ó kọ amí ṣíṣe kò yọ ọkọ sílẹ̀.

Ti pípa ọkọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a jẹ lówó lè gba ohun rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fíkíhì kò gbà kí a fi ìpalára ńlá yanjú kékeré. Owó ọ̀sẹ̀ méjì kò tó ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Ọlọ́kọ̀ kò mọ ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ nígbà tí ó tẹ fóònù, àìmọ̀ yẹn gan-an ni kò sì yẹ kí ó jẹ́ kí ó tẹ̀ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá dúró sí ilé ní òwúrọ̀ tí a sì ti kìlọ̀ ṣáájú, ìyẹn yàtọ̀.

Àṣé a kò tíì dé ibi tí ó le jù. Ní ọjọ́ kejì, a pe ọmọkùnrin kan tí ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kí ó wá ṣàlàyé fún wa. Ohun àkọ́kọ́ tí ó bi ọlọ́kọ̀ ni pé, "Bàbá, kí ni pásíwọ́ọ̀dù yín?" Ọlọ́kọ̀ ní èyí tí rewáyà fún òun náà ni: 123456.

Ọmọkùnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní ọdún 2019, ẹnì kan tí ó fi ara pamọ́ sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ti wọ inú àkáǹtì tírákà tí ó lé ní 27,000 ti iTrack àti ProTrack, nítorí pé 123456 yìí ni àwọn oníbàárà gbà tí wọn kò sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń rí ibi tí ọkọ̀ wà ní South Africa, Morocco àti India, ó sì ní òun lè pa ẹ́ńjìnnì àwọn kan nínú wọn. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ BitSight ní Amẹ́ríkà kéde àlébù ńlá nínú tírákà MiCODUS MV720 tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà. Wọ́n ní tírákà ilé-iṣẹ́ náà tó mílíọ̀nù kan àbọ̀ ní orílẹ̀-èdè 169, àti pé ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè gé epo rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ìyẹn ni pé ọlọ́kọ̀ wa rò pé kọ́kọ́rọ́ méjì ni ó wà, ti òun àti ti dírẹ́bà. Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí kò rí rí. Ẹ̀kẹrin wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ka ení títí dé ẹẹ́fà. Àwọn ọlọ́ṣà ojú ọ̀nà náà mọ ení dé ẹẹ́fà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé tírákà olówó pọ́ọ́kú ni ó fà á. Ní ọdún 2015, Charlie Miller àti Chris Valasek jókòó sí ilé, wọ́n gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé inú Jeep Cherokee kan tí oníròyìn kan ń wà lójú títì, wọ́n sì mú kí ó má lè sáré mọ́. Mọ́tò mílíọ̀nù 1.4 ni Fiat Chrysler pè padà fún àtúnṣe. Ní ìparí ọdún 2024, ó hàn sí gbangba pé ìròyìn nípa mọ́tò oníbátìrì tí ó tó 800,000 ti Volkswagen àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí ààbò tí ó péye, tí ó fi jẹ́ pé a lè mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn máa ń dúró sí. Irú ọkọ̀ báyìí ni yóò di tòkunbọ̀ lọ́la, tí yóò dé Ìwó Road fún wa.

Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ ní Lágelú àti Akínyẹlé, ọ̀rọ̀ náà ti dé oko. Láti ọdún 2014 ni Hello Tractor ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí ẹ̀rọ ara katakata ń sọ ibi tí ó wà fún ẹni tí ó ni ín, àwọn àgbẹ̀ sì ń jọ háyà rẹ̀. Ohun rere ni, nítorí pé ẹni tí kò lè ra katakata lè rí i lò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2022, nígbà tí wọ́n jí ẹ̀rọ oko 27 ti John Deere kó ní Melitopol ní Ukraine, tí wọ́n sì gbé àwọn kan nínú wọn lọ sí Chechnya, láti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti pa wọ́n, wọn kò sì ṣiṣẹ́ fún àwọn tí ó jí wọn. Inú wa dùn pé olè kò jèrè. Lẹ́yìn náà ni a ronú pé ọwọ́ tí ó pa ti olè lè pa ti àgbẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀.

Òfin kò dákẹ́. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu fi ọwọ́ sí òfin ààbò ìròyìn ara ẹni, tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ fún un. Bí ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ kan ń tọ́jú bá bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tí ó lè pa ènìyàn lára, wákàtí 72 ni wọ́n ní láti fi tó àjọ náà létí. Òfin yìí ka ẹ̀sìn mọ́ àwọn ìròyìn tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù lọ. Ọkọ̀ tí ó ń dúró sí ẹnu mọ́ṣáláṣí kan náà ní gbogbo Jímọ̀ ti sọ ẹ̀sìn ẹni tí ó ń wà á. Ṣáájú òfin yìí ni fíkíhì ti sọ pé ẹni tí a fi àmánà sí lọ́wọ́ kò níí san án bí ó bá sọnù, àfi bí ó bá ṣe àìbìkítà. Ẹni tí ó fi 123456 ti ilẹ̀kùn, kí ni kí a pè é?

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n jókòó lórí ẹní, a sì kọ ìwé àdéhùn. Ọlọ́kọ̀ kò ní í wo ibi tí ọkọ̀ wà àfi bí owó bá pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tàbí bí ọmọ wa bá ní wọ́n jí i. Kò ní í pa ọkọ̀ àfi bí ó bá dúró sí ilé, lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méjì. Ọmọ wa yóò san gbèsè ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kí oṣù tó parí. Ọlọ́kọ̀ kùn díẹ̀ sí èkíní, ó ní a fọ́ òun lójú. Ó fi ọwọ́ sí i ṣá.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ni a rántí pé bọ́ọ̀sì ilé-kéú tiwa náà ní tírákà. Àwọn òbí ni ó dá owó rẹ̀ jọ, kí wọ́n lè mọ̀ bí àwọn ọmọ bá ti dé. Ojoojúmọ́ ni ó ń sọ ẹnu ọ̀nà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sílẹ̀ sí, àti aago tí ó ń bọ́ ọ. A pe ẹni tí ó bá wa dè é, a bi í pé àwọn mélòó ni ó lè rí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bi òun rí.