Ohun Tí Ọmọ Kékeré Ń Kó Bọ̀ Láti Ibi Ìtàn

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, láti oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ti Èkó bọ̀ ló máa ń dúró ní Ọ̀rẹ̀, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, kí èrò lè jẹun kí wọ́n tó kọrí sí Bìní, Òǹdó tàbí Àkúrẹ́. Àwọn òbí tó gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta dání wà lára èrò wọ̀nyí, tí wọ́n ń lọ wo Òkè Ìdànrè. Àwọn àgbà kan a máa bi wọ́n pé kí ni ọmọ tí kò mọ ení mọ èjì fẹ́ lọ wò níbi ìtàn. Lójú tèmi, òbí ni ó yẹ kí ìbéèrè náà bá wí. Ìwà tí òbí bá hù níbẹ̀ ni ọmọ yóò rí wò, òun náà ni yóò sì kó bọ̀ wálé.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìdànrè. Orí òkè ni ará Ìdànrè ń gbé títí di ọ̀rúndún tó kọjá, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kó tó dé ibi tí ààfin àtijọ́ wà, oṣù ìsinmi yìí sì ni òjò ń rọ̀, tí àpáta ń yọ̀. Òbí tó ń wọ́ ọmọ gòkè tẹkúntẹkún, nítorí fọ́tò tó fẹ́ yà lókè, ti gbàgbé àánú. Èyí tó bá ọmọ jókòó sinmi lójú ọ̀nà, tó pọ̀n ọ́n nígbà tó rẹ̀ ẹ́, tó sì gbà láti padà nígbà tí òjò ṣú, kò rí ààfin o, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ pé. Bákan náà ni ní Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO kọ sára ogún àgbáyé ní 2005: a kì í pẹja, a kì í dọdẹ, a kì í gé igi níbẹ̀. Ọmọ kékeré kò mọ èèwọ̀. Òkúta ni yóò he láti sọ lu ọ̀bọ. Bí òbí bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó gba òkúta náà jẹ́jẹ́, ìtẹríba fún onílẹ̀ ni ọmọ rí yẹn, ì báà ṣe ẹlẹ́sìn mìíràn ni òbí náà.

Wọ́n á ní ọmọ kò ní rántí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀? A kò tìtorí ìyẹn sún ẹ̀kọ́ náà síwájú. Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní kí a fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí ariwo rẹ̀ má baà yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Mo gbà fún wọn bí ara ọmọ kò bá yá, tàbí bí ọ̀nà bá léwu. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹkún ọmọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Òbí tí kò gbé e jáde nígbà tó ń han létí gbogbo èrò ni kò ro ti ọmọnìkejì.

Ọ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ 1967, nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá Odò Ọya, wọ́n gba Bìní, wọ́n sì wá títí dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Láti ìgbà náà ni "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ti di ohun tí à ń sọ tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ọ̀rọ̀ bá gbóná. Kò sí àtẹ̀gùn tí ọmọ yóò gùn níbẹ̀. Ohun tí òbí bá sọ nìkan ni yóò bá pàdé. Ọmọ ọdún méjì kò lóye ogun, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn ẹ̀gàn yàtọ̀ sí ohùn ìkáàánú, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀ lè jẹ́ ọmọ Igbo tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kò bọ̀ láti ojú ogun náà. Àwọn kan á ní ìtàn ìṣẹ́gun ni, kí la fẹ́ fi pamọ́? Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́. Ẹ sọ pé Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ni ọ̀gá àwọn ọmọ ogun tó wá láti ìlà-oòrùn yẹn, pé àwọn Biafra fúnra wọn ló yìnbọn pa á ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àti pé ọmọ ọlọ́mọ kú ní ìhà méjèèjì. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ létí ẹni tó jókòó tì yín, ẹ fi í sílẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi tún ṣí.